Nígbà tí Ìkànnì bá Kọ̀ láti Sọ Yorùbá

Ẹ̀fọ̀n ni orúkọ ìlú ńlá kan ní ìwọ̀-oòrùn Ìpínlẹ̀ Èkìtì. Ẹ̀fọn ni kòkòrò tí ń mu ẹ̀jẹ̀ ènìyàn ní òru. Ẹfọ̀n ni ẹran ńlá oníwo inú igbó. Ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá kò ní ṣi ọ̀kan gbọ́ fún èkejì, nítorí pé ohùn ni ó yà wọ́n sọ́tọ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà bá gbé àmì ohùn àti àmì ìsàlẹ̀ lẹ́tà sọnù, ọ̀kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dà: efon. Ìlú ọlọ́ba àti kòkòrò òru di orúkọ kan náà. Nítorí ìdí èyí, ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ yẹ̀ wò yìí kì í ṣe ti àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ nìkan. Ó kan olùkọ́ èdè, ó kan akẹ́kọ̀ọ́, ó sì kan gbogbo ẹni tí ó bá fẹ́ kí a kọ orúkọ ìlú rẹ̀ bí ó ti yẹ.

Ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú wo olùkọ́ èdè Yorùbá kan ní Ìjerò, tí òun àti akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ kan jùmọ̀ ń ṣe ìkànnì ayélujára fún ilé-ẹ̀kọ́. Èdè méjì ni wọ́n fẹ́ kí ìkànnì náà máa sọ, Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n fẹ́ kí ìtàn Ìjerò, Arámọkọ, Ẹ̀fọ̀n àti Ìkògòsí wà níbẹ̀; kí ó sọ nípa Fábùnmi ará Òkè-Ìmẹ̀sí àti ogun Kírìjì, èyí tí a fọwọ́ sí ìwé àdéhùn àlàáfíà rẹ̀ ní ọdún 1886; kí kàlẹ́ńdà ilé-ẹ̀kọ́ sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Olùkọ́ ti ṣe ìtumọ̀ rẹ̀ tán. Akẹ́kọ̀ọ́ ti gbé gbogbo rẹ̀ sórí ẹ̀rọ alágbèéká rẹ̀. Wọ́n yan Yorùbá, Gẹ̀ẹ́sì ni ó jáde. Wọ́n tún un ṣe, ìdajì di Yorùbá, ìdajì ṣì jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, àmì ìbéèrè sì gba ipò àwọn lẹ́tà kan. Ni akẹ́kọ̀ọ́ bá dáwọ́ dúró, ó ní, "Sà, ṣé kí á má kúkú yọ gbogbo àmì wọ̀nyí kúrò? Ó jọ pé ẹ̀rọ yìí kò gbọ́ Yorùbá."

Àbá yìí rọrùn láti gbà, òun gan-an ni ó sì ti ba ọ̀pọ̀ iṣẹ́ rere jẹ́. Òtítọ́ ibẹ̀ ni pé ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà kò kórìíra èdè kankan. Kí ọ̀rọ̀ Yorùbá tó ti inú ìwé olùkọ́ dé ojú òǹkàwé, ibodè márùn-ún ni ó gbọ́dọ̀ là kọjá: ibodè orúkọ èdè, ibodè ìlànà agbègbè, ibodè lẹ́tà, ibodè ìwé ìtumọ̀, àti ibodè ètò tí òǹkàwé fi ń ṣí ìkànnì. Oníbodè kọ̀ọ̀kan ní ohun tí ó ń béèrè. Ẹni tí ó bá mọ ibodè tí wọ́n ti dá ọ̀rọ̀ òun dúró yóò mọ ohun tí ó yẹ kí òun ṣe. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n ni yóò máa yí gbogbo nǹkan padà lẹ́ẹ̀kan náà, tí kò sì ní mọ èyí tí ó ṣe é lóore àti èyí tí ó pa á lára.

Ìdánwò nínú ilé

Sẹ́fà ni ẹ̀rọ tí a gbé ìkànnì lé lórí, tí ó sì ń fi ojú-ìwé ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni tí ó bá béèrè fún un. Ó lè wà ní ìlú òkèèrè. Ṣùgbọ́n kò sí ohun tí ó ní kí ẹ̀rọ alágbèéká orí tábìlì má lè ṣe iṣẹ́ sẹ́fà fún ara rẹ̀. Àwọn ètò ọ̀fẹ́ bíi XAMPP ti kó ohun tí a nílò jọ sójú kan: Apache tí ń fi ojú-ìwé ránṣẹ́, PHP tí ń ṣe ìṣirò àti ìpinnu, àti MariaDB tí ń tọ́jú àkọsílẹ̀. Bí a bá ti tan wọ́n, tí a kọ localhost tàbí 127.0.0.1 sí ibi tí a ń kọ àdírẹ́sì sí, ẹ̀rọ náà yóò máa bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Kò ná wa ní owó dátà, bí a bá sì ṣe àṣìṣe, ará ìta kò rí i. Àwọn àgbà ní ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ọ̀rọ̀ sẹ́fà inú ilé rí.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ó yẹ kí a fi sọ́kàn. Ilé kì í fi gbogbo ìgbà jọ òde. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ alágbèéká ni ó ń lo Windows, bẹ́ẹ̀ Linux ni ọ̀pọ̀ sẹ́fà òde ń lò. Lójú Windows, fáìlì tí a pè ní yo_ng àti èyí tí a pè ní yo_NG kò yàtọ̀. Lójú Linux, ẹni méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Èyí ni ó fà á tí iṣẹ́ kan fi lè dára nílé kí ó sì wọ́gi lọ́jọ́ tí a bá gbé e síta.

Ibodè kìn-ín-ní: orúkọ èdè

Ilé ni a ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà kò mọ èdè wa sí "Yorùbá". Nínú ètò orúkọ èdè àgbáyé tí a ń pè ní ISO 639, orúkọ kúkúrú méjì ni a fún un: yo, tí ó jẹ́ lẹ́tà méjì, àti yor, tí ó jẹ́ lẹ́tà mẹ́ta. Bí a bá fẹ́ fi orílẹ̀-èdè kún un, NG ni a fi ń dúró fún Nàìjíríà. Nínú àkọlé ojú-ìwé ayélujára, àmì ìdè kúkúrú ni a fi ń so wọ́n pọ̀: yo-NG. Nínú Linux, ilà ìsàlẹ̀ ni a ń lò: yo_NG. Ìyàtọ̀ kékeré ni lójú ènìyàn, ṣùgbọ́n ó tó ohun tí oníbodè lè fi dá ni padà.

Àwọn àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ níhìn-ín ni kí a kọ yoruba, tàbí yr, tàbí kí a kọ ng nìkan pẹ̀lú èrò pé Nàìjíríà ni. Nínú ètò orúkọ èdè, ng kì í ṣe tiwa rárá. Èdè Ndonga tí wọ́n ń sọ ní ìhà Nàmíbíà ni ó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Orúkọ orílẹ̀-èdè àti orúkọ èdè kì í ṣe ohun kan náà. Nítorí náà, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni èyí: orúkọ wo ni ètò tí a ń lò fẹ́, yo ni, yor ni, tàbí yo_NG? Ṣé orúkọ yẹn gan-an, lẹ́tà fún lẹ́tà, ni a fún àpò fáìlì ìtumọ̀ wa?

Ibodè kejì: ìlànà agbègbè

Ohun tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń pè ní locale ni àkójọ àṣà ìkọ̀wé àwọn ará ibì kan: bí wọ́n ti ń pe ọjọ́ àti oṣù, bí wọ́n ti ń kọ iye owó, bí wọ́n ti ń to orúkọ ní ẹsẹẹsẹ. Ìlànà agbègbè ni a ó pè é níhìn-ín. Ìlànà yo_NG ti wà nínú àká Linux. Ṣùgbọ́n wíwà nínú àká kò túmọ̀ sí pé ó ti wà nínú ìkòkò. Ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ni a gbọ́dọ̀ ti ṣe é kí ó tó ṣeé lò. Àṣẹ tí ń fi èyí tí ó wà ní sẹpẹ́ hàn wá ni locale -a. Bí a kò bá rí yo_NG níbẹ̀, a ó wá ìlà rẹ̀ nínú fáìlì /etc/locale.gen, a ó mú àmì tí ó dè é mọ́lẹ̀ kúrò, a ó sì pa àṣẹ locale-gen. Lẹ́yìn èyí, a gbọ́dọ̀ pa sẹ́fà kí a sì tún un tan, nítorí pé ohun tí ó ti wà lọ́kàn rẹ̀ láti ìgbà tí ó ti jí ni yóò máa lò títí a ó fi jí i padà.

Ewu ibodè yìí ni pé oníbodè rẹ̀ kì í pariwo. Bí PHP bá béèrè fún ìlànà Yorùbá nípasẹ̀ setlocale tí kò sì bá a, kò ní ké sí ẹnikẹ́ni; yóò kàn dáhùn pé irọ́, ìyẹn false, yóò sì máa bá ìlànà àtijọ́ lọ. Ẹni tí kò bá wo ìdáhùn náà yóò rò pé ìtumọ̀ ni ó burú. Nítorí náà, kí a jẹ́ kí ètò wa kọ ìdáhùn setlocale sójú ìwé kí a tó máa fi ẹ̀sùn kan ẹlòmíràn.

Ọjọ́ tí ó dára láti fi dán ibodè yìí wò ni ọjọ́ tí a dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni, ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Ọ̀wàrà, ọdún 1996. Bí ìkànnì bá kọ Tuesday àti October, ìlànà agbègbè kò tíì yí padà. Bí ó bá kọ Ìṣẹ́gun àti Ọ̀wàrà, a ti kọjá. Bí ó bá kọ Ìṣẹ́gun àti Ọ̀wàrà ṣùgbọ́n tí aago ojú-ìwé fi wákàtí kan sẹ́yìn ti ọwọ́ wa, kì í ṣe ọ̀rọ̀ èdè mọ́. Ètò aago ni ó ṣì wà lórí aago àgbáyé, a kò tíì sọ ọ́ di Africa/Lagos.

Àwọn orúkọ ọjọ́ àti oṣù wọ̀nyí kò ti ọ̀run wá sínú ẹ̀rọ. Àwọn ènìyàn ni ó kó wọn sínú àkójọ àgbáyé tí ó ń jẹ́ CLDR, èyí tí àwọn aṣàgbékalẹ̀ Unicode ń bójú tó. Nínú àkójọ náà, Yorùbá ti ilẹ̀ Nàìjíríà wà, Yorùbá ti ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ náà sì wà lọ́tọ̀ pẹ̀lú orúkọ yo-BJ. Èdè kan náà ni, ṣùgbọ́n ìkọ̀wé yàtọ̀: ibi tí àwa ti ń kọ Ọjọ́, wọ́n ń kọ Ɔjɔ́, ibi tí àwa ti ń kọ ṣ, wọ́n ń kọ sh. Bí ìkànnì ilé-ẹ̀kọ́ ní Arámọkọ bá ṣàdédé ń kọ ɛ àti ɔ, ẹ̀rọ kò ṣìwèrè. Ìlànà Bẹ̀nẹ̀ ni ẹnì kan yàn láìmọ̀.

Ibodè kẹta: lẹ́tà àti àmì ohùn

Ọ̀rọ̀ lẹ́tà Yorùbá kì í ṣe tuntun. Láti ìgbà tí Àjàyí Crowther ti tẹ ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ jáde ní ọdún 1843, títí dé ìpàdé Èkó ní ọdún 1875, àti títí dé àkọtọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí ní ọdún 1974, ìbéèrè kan náà ni àwọn ọ̀mọ̀wé ń bá jìjàkadì: báwo ni a ó ṣe fi lẹ́tà díẹ̀ kọ ìró púpọ̀?  Lónìí, ẹ wà. Nínú Unicode, lẹ́tà ọ̀pọ̀lọpọ̀ èdè ayé ni ó ní nọ́ḿbà tirẹ̀. Ẹ, ọ àti ṣ sì ní tiwọn. Ẹ àti ọ tilẹ̀ wà láàárín àwọn lẹ́tà tí àwọn ará Vietnam ń lò.

Ṣùgbọ́n kò sí nọ́ḿbà kan ṣoṣo fún ẹ́ tàbí ọ̀. Nọ́ḿbà méjì ni a ń so pọ̀: ti ẹ lákọ̀ọ́kọ́, ti àmì ohùn tẹ̀ lé e. Nítorí náà, orúkọ ìlú mẹ́ta tí a mọ̀ dáadáa lè jẹ́ ìdánwò mẹ́ta tí ó ga ju ara wọn lọ. Ìjerò ni ó rọrùn jù, nítorí pé Ì àti ò ti wà nínú lẹ́tà àwọn ará Yúróòpù tipẹ́. Arámọkọ le jù ú lọ, nítorí pé ọ kò sí lọ́dọ̀ wọn. Ẹ̀fọ̀n ni ó le jù: lẹ́tà mẹ́rin ni ojú wa rí, nọ́ḿbà mẹ́fà ni Unicode kà, báìtì 12 ni ó sì gbà nínú UTF-8, ìyẹn ọ̀nà tí ó wọ́pọ̀ jù lọ láti tọ́jú nọ́ḿbà Unicode. Ẹni tí ó bá fi Ìjerò nìkan dán ìkànnì rẹ̀ wò lè fọwọ́ sọ̀yà pé ohun gbogbo dára, nígbà tí àwọn ará Arámọkọ àti Ẹ̀fọ̀n ṣì ń sunkún.

Bí oníṣègùn ti ń wo ojú aláìsàn kí ó tó fún un lóògùn ni kí a máa wo ojú-ìwé tí ó bàjẹ́. Bí Ìjerò bá dára, tí Arámọkọ di Arám?k?, tí Ẹ̀fọ̀n sì di ??f??n, ibi ìpamọ́ ni àìsàn wà. Àpótí àkọsílẹ̀ wa ṣì ń lo ètò latin1 àtijọ́, èyí tí kò mọ ọ. Títí di ìgbà tí MySQL 8.0 fi jáde ní ọdún 2018, latin1 yìí ni MySQL máa ń yàn fúnra rẹ̀ bí a kò bá sọ ohun tí a fẹ́. Utf8mb4 ni kí a sọ ọ́ dà. Ṣùgbọ́n kí a mọ̀ pé lẹ́tà tí ó ti di àmì ìbéèrè nínú àpótí ti kú. A gbọ́dọ̀ tún un kọ.

Bí Ìjerò fúnra rẹ̀ bá di ÃŒjerÃ², ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Lẹ́tà kò kú. Bí a ti kọ ọ́ ni ó wà, ṣùgbọ́n ẹni tí ń kà á ni ó ń fi ìlànà mìíràn kà á. Ohun tí ó kù ni kí ojú-ìwé kéde ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ pé UTF-8 ni òun, kí ìsopọ̀ PHP àti àpótí àkọsílẹ̀ náà sì sọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò mọ ìyàtọ̀ àìsàn méjèèjì yìí ni yóò máa tún ọ̀rọ̀ tí kò bàjẹ́ kọ títí ilẹ̀ yóò fi mọ́.

Bí ó bá jẹ́ pé àpótí òfìfo ni a rí, tàbí tí àmì ohùn sún kúrò lórí lẹ́tà rẹ̀, irú ìkọ̀wé tí a yàn ni kò ní lẹ́tà wa; kí a yan òmíràn. Àìsàn kẹrin kò hàn sójú rárá. Ẹ̀fọ̀n wà lójú-ìwé, ó sì dára, ṣùgbọ́n bí a bá wá a, ẹ̀rọ ní kò sí. Ìdí ni pé ẹnì kan lè kọ ẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ àti àmì ohùn, ẹlòmíràn sì lè kọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí è àti àmì ìsàlẹ̀. Ojú rí ọ̀kan, ẹ̀rọ rí méjì. Ìlànà Unicode kan tí ń jẹ́ NFC ni ó ń sọ méjèèjì di ọ̀nà kan náà. Kí a lò ó fún gbogbo ohun tí ń wọlé kí a tó tọ́jú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá fi ilà gígùn kékeré sí abẹ́ e dípò àmì tó-tó, NFC kò lè gbà wá. Lẹ́tà mìíràn ni yẹn lójú ẹ̀rọ, àwa fúnra wa ni a ó pa á rọ́.

Ibodè kẹrin: ìwé ìtumọ̀

Ọ̀nà kan tí ó gbajúmọ̀ láti fi túmọ̀ ìkànnì ni gettext. Fáìlì méjì ni ó ń lò. Èkíní, tí orúkọ rẹ̀ parí sí po, ni ènìyàn ń kà tí ó sì ń kọ: gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì lókè, Yorùbá nísàlẹ̀. Èkejì, tí ó parí sí mo, ni ẹ̀rọ ń kà. Àṣẹ msgfmt ni ń sọ po di mo. Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ jù lọ níhìn-ín ni kí olùkọ́ tún po ṣe, kí ó sì gbàgbé láti sọ ọ́ di mo. Yóò máa wo ojú-ìwé, yóò máa rí ọ̀rọ̀ àná. Kódà bí mo tuntun bá ti wà, Apache àti PHP lè ṣì máa lo ti àná tí wọ́n ti fi sọ́kàn. Kí a pa sẹ́fà kí a sì tún un tan.

Ìlànà gettext mìíràn ni pé bí kò bá rí ìtumọ̀ gbólóhùn kan, yóò dá gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì náà padà láìwí nǹkan kan. Èyí ni ó ń fa ojú-ìwé aláwọ̀ méjì, bí odò Ìkògòsí níbi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti pàdé. Ìdí mẹ́ta ni ó lè fà á: a kò tíì túmọ̀ gbólóhùn náà, tàbí a ti yí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ padà lẹ́yìn tí a ti túmọ̀ rẹ̀, bóyá a kàn fi àmì ìdánudúró kan kún un, tàbí a ti fi ọ̀rọ̀ fuzzy sí i lórí, èyí tí ó túmọ̀ sí pé ìtumọ̀ náà ṣì ń dúró de àyẹ̀wò. Msgfmt kì í kó ohun tí ó bá ní fuzzy lórí sínú mo, àfi bí a bá pa á láṣẹ.

Ẹ̀kọ́ gírámà wà níhìn-ín pẹ̀lú. Gẹ̀ẹ́sì ń yí ọ̀rọ̀-orúkọ padà bí ó bá ju ọ̀kan lọ. Yorùbá kì í ṣe bẹ́ẹ̀: ìwé kan, ìwé mẹ́ta, ìwé ọgọ́rùn-ún, ìwé ṣì ni. Àkójọ CLDR mọ èyí, ẹyọ kan ṣoṣo ni ó fún Yorùbá. Nítorí náà, ohun tí ó yẹ kí ó wà lókè fáìlì po wa ni nplurals=1; plural=0. Bí a bá dà ti Gẹ̀ẹ́sì kọ síbẹ̀, ètò yóò máa béèrè ìtumọ̀ kejì tí èdè wa kò ní.

Ibodè karùn-ún: aṣàwákiri

Aṣàwákiri ni ètò bíi Chrome tàbí Firefox tí a fi ń ṣí ìkànnì. Nígbà tí ó bá ń béèrè ojú-ìwé, ó máa ń sọ fún sẹ́fà èdè tí ẹni tí ó ni ín fẹ́. Bí a kò bá tíì fi Yorùbá sínú ètò rẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì ni yóò máa tọrọ, ìkànnì tí ń gbọ́ràn sì lè fún un ní Gẹ̀ẹ́sì. Kí olùṣe ìkànnì má ṣe fi ìpinnu sí ọwọ́ aṣàwákiri nìkan. Kí bọ́tìnnì wà lójú-ìwé tí òǹkàwé lè fi yan Yorùbá, kí ohun tí ó bá sì yàn borí ohun tí aṣàwákiri sọ.

Aṣàwákiri tún máa ń tọ́jú ojú-ìwé àná pamọ́. Kí a tó sọ pé àtúnṣe wa kò ṣiṣẹ́, kí a ṣí ojú-ìwé náà ní fèrèsé ìkọ̀kọ̀. Ní ìparí, kí a rí i dájú pé àkọlé ojú-ìwé Yorùbá sọ pé yo ni òun. Láti ọdún 2013 tí Google ti fi Yorùbá kún àwọn èdè tí ó ń túmọ̀, aṣàwákiri lè fẹ́ túmọ̀ ojú-ìwé fún òǹkàwé. Ojú-ìwé Yorùbá tí ó pe ara rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì ń ṣi ẹ̀rọ lọ́nà, ó sì ń ṣi afọ́jú tí ètò ń ka ìwé fún lọ́nà pẹ̀lú, nítorí pé ohùn Gẹ̀ẹ́sì ni ètò náà yóò fi pe Yorùbá.

Ẹ̀ka-èdè Èkìtì ńkọ́?

Ẹnì kan lè béèrè pé, ní ilẹ̀ tí àwọn àgbà ti ń pe ilé ní ulé tí wọ́n sì ń pe iṣu ní uṣu, èé ṣe tí ojú-ìwé kò fi lè sọ Èkìtì? Èkìtì kò ní orúkọ tirẹ̀ nínú ISO 639. Abẹ́ yo ni a kà á sí. Ṣùgbọ́n ìlànà orúkọ èdè lórí ayélujára fún wa láàyè láti fi orúkọ àdáni kún un, bíi yo-x-ekiti. Bí a bá ṣètò rẹ̀ dáadáa, ìkànnì yóò kọ́kọ́ wá ọ̀rọ̀ Èkìtì; bí kò bá rí i, yóò lọ sọ́dọ̀ Yorùbá àjùmọ̀lò; ìgbà tí kò bá rí tibẹ̀ náà ni yóò tó lọ bá Gẹ̀ẹ́sì. Bí a kò bá bá ọmọ nílé, ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀ ni a ń fi ọ̀rọ̀ sí, a kì í kọjá ilé wọn lọ bá àlejò. Ètò tí ó fi Èkìtì sílẹ̀ tí ó sì fò sórí Gẹ̀ẹ́sì lójú ẹsẹ̀ ti ṣì ọ̀nà.

Bí a ó ti máa wá àṣìṣe

Olùkọ́ Ìjerò àti akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ kò yọ àmì kankan kúrò. Wọ́n mú ibodè lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń yí ohun kan ṣoṣo padà nígbà kan, wọ́n sì ń kọ ohun tí wọ́n bá rí sílẹ̀. Wọ́n rí i pé yo_ng ni wọ́n pe àpò fáìlì níbi tí ó yẹ kí ó jẹ́ yo_NG. Wọ́n rí i pé po ti di tuntun ṣùgbọ́n mo ṣì jẹ́ ti ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá. Wọ́n rí i pé latin1 ni àpótí àkọsílẹ̀ ń lò. Wọ́n sọ ọ́ di utf8mb4, akẹ́kọ̀ọ́ sì tún orúkọ àwọn ìlú kọ. Àṣìṣe mẹ́ta péré, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tí ó jẹ́ ẹ̀bi èdè Yorùbá. Nígbà tí Ẹ̀fọ̀n jáde pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀, olùkọ́ ní, "Ṣé o rí i? Ó gbọ́ Yorùbá. Àwa ni a kò tíì bá a sọ̀rọ̀ dáadáa."

Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ fún àwọn olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ ju ti ìkànnì kan lọ. Ojú-ìwé Yorùbá tí a kọ láìní àmì lónìí ni àwọn ẹ̀rọ ọ̀la yóò fi kọ́ Yorùbá. Bí a bá fi efon sílẹ̀ fún wọn, efon ni wọn yóò máa dá padà fún àwọn ọmọ wa, kò sì ní sí ẹni tí yóò mọ̀ bóyá ìlú ni, bóyá ẹran ni, tàbí kòkòrò. Kí ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe ìkànnì ní Yorùbá fi Ìjerò, Arámọkọ àti Ẹ̀fọ̀n sínú ìdánwò rẹ̀ kí ó tó gbé e síta. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá là á kọjá láìfarapa, ó lè ṣílẹ̀kùn fún àlejò.